Seoye, Iṣẹ́ Ọnà Ìkọ̀wé Ilẹ̀ Kòríà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni wọ́n ń pè ní seoye gan-an?

Seoye ni orúkọ tí àwọn ará Kòríà ń pe iṣẹ́ ọnà fífi búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì dúdú kọ̀wé sórí bébà. Ọ̀rọ̀ méjì ló papọ̀ di orúkọ náà: seo ni ìwé kíkọ, ye sì ni ọnà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lò ó kò fún un ní orúkọ kan náà. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní ìlànà ìkọ̀wé, àwọn ará Jàpáàn ń pè é ní ọ̀nà ìkọ̀wé, àwọn ará Kòríà ló pè é ní ọnà. Ó dùn mọ́ mi pé nínú èdè Yorùbá, ohùn lásán ló pààlà sáàárín ọ̀nà ti Jàpáàn àti ọnà ti Kòríà. Orúkọ seoye fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn Jàpáàn ní 1945 ni Sohn Jae-hyeong, tí òun náà jẹ́ àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, dábàá rẹ̀, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn amúnisìn ń lò.

Lẹ́tà Ṣáínà ni wọ́n ń kọ ni, àbí lẹ́tà tiwọn?

Méjèèjì ni. Fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, lẹ́tà Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní hanja, ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Òun ló wà lára òkúta ńlá tí wọ́n gbé nàró ní 414 láti fi ròyìn iṣẹ́ ọba Gwanggaeto ti ilẹ̀ Goguryeo, ìjọba Kòríà àtijọ́ kan, òkúta tó ga ju mítà 6 lọ, tó sì ṣì dúró dòní ní ìlú Ji'an, tó ti bọ́ sínú ilẹ̀ Ṣáínà báyìí. Láti 958 títí di 1894, ẹni tó bá fẹ́ di ìjòyè ìjọba ní láti yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń fi hanja kọ, ọmọkùnrin tí kò bá sì mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì mú kò lè jìnnà lọ́nà náà.

Ọba Sejong ti ìjọba Joseon ló ṣe Hangul, ìyẹn lẹ́tà tiwọn, parí ní 1443, tó sì kéde rẹ̀ fún aráàlú ní 1446. Lẹ́tà 28 ló ní nígbà náà. 24 ni wọ́n ń lò lónìí. Ọba náà sọ ọ́ ní gbangba pé nítorí àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kọ ọ́ sílẹ̀, lòun ṣe gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, wọ́n ní lẹ́tà àwọn obìnrin ni. Lójú tèmi, ẹ̀gàn yẹn ló ṣe Hangul lóore jù, nítorí ọwọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ló ti di ohun ẹwà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Hangul ti ní àmì ohùn rí, bíi ti Yorùbá?

Lóòótọ́ ni. Nínú àwọn ìwé ayé Sejong, wọ́n máa ń fi àmì róbótó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ òsì sílébù. Bí kò bá sí àmì kankan, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ohùn òkè ni. Bó bá jẹ́ méjì, ohùn tó ti ìsàlẹ̀ gòkè ni. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fi ń parí lọ, àmì náà ti ń pòórá nínú ìwé, nítorí pé ohùn ti ń ṣí lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Gyeongsang ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ṣì ń fi ohùn ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ti jà fitafita pẹ̀lú àmì orí lẹ́tà Yorùbá rí yóò mọ ìdí tí Sejong fi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ìlànà ìkọ̀wé wo ni wọ́n ní?

Fún hanja, márùn-ún ni wọ́n jogún láti Ṣáínà: jeonseo, tó ti pẹ́ jù, tí wọ́n sì ń gbẹ́ sára òǹtẹ̀, yeseo, tó fẹ̀, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, haeseo, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró gedegbe, haengseo, tó ń yára díẹ̀, àti choseo, tó ń sáré débi pé ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò lè kà á, bó tilẹ̀ gbọ́ hanja dáadáa.

Hangul ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Panbonche ni ìlànà tí wọ́n wò lára àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ nígbà ayé Sejong: ìlà rẹ̀ nípọn bákan náà láti orí dé ìdí, lẹ́tà rẹ̀ tó dà bí òdo sì rí roboto bí ẹnu ife. Gungche, ìyẹn ìlànà ààfin, wá láti ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ayaba, tí wọ́n ń bá wọn kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì ń da ìwé ìtàn kọ fún kíkà nínú ààfin. Nínú gungche, ìlà òró tó wà lápá ọ̀tún sílébù ni òpó ilé. Àwọn òpó yìí máa ń tò tẹ̀lé ara wọn láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ta okùn sí wọn, ìyókù á sì rọ̀ mọ́ wọn lápá òsì. Òǹkàwé tí kò mọ̀dí kàn máa rí i pé ojú ìwé náà tò, kò ní mọ ibi tí ètò rẹ̀ ti wá. Ìlànà kẹta, minche, ni ti àwọn ará ilé àti ará ọjà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ìlànà ààfin, tí wọ́n ń kọ ọ́ bó ṣe wá sí wọn lọ́wọ́.

Gungche ti wọ inú kọ̀ǹpútà báyìí, orúkọ tó sì ń jẹ́ níbẹ̀ ni gungseo. Àwọn ọ̀dọ́ Kòríà máa ń fi ṣe àwàdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò ṣeré mọ́ yóò sọ pé gungseo lòun fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Àwọn irinṣẹ́ wo ni iṣẹ́ náà ń béèrè?

Mẹ́rin ni: bébà, búrọ́ọ̀ṣì, yíǹkì àti ọlọ. Munbangsau ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin inú yàrá ìkàwé.

Bébà náà ni hanji, tí wọ́n ń fi èèpo igi dak ṣe. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi náà nígbà òtútù, wọ́n á fi ooru omi sè é kí èèpo lè bọ́, wọ́n á tún se èèpo ọ̀hún nínú omi eérú, wọ́n á sì lù ú títí fọ́nrán rẹ̀ á fi tú ká. Ohun tí wọ́n fi ń mú kí fọ́nrán náà tò dáadáa nínú omi ni oje tó ń yọ̀ láti ara gbòǹgbò ewéko kan. Mọ̀lẹ́bí ilá ni ewéko náà, ẹni tó bá sì ti gé ilá rí mọ irú yíyọ̀ tí mò ń sọ. Hanji le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní 1966, nígbà tí wọ́n ń tún ilé gogoro olókùúta kan ṣe ní tẹ́ńpìlì Bulguksa ní ìlú Gyeongju, wọ́n bá ìwé àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà nínú rẹ̀, bébà tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹjọ.

Irun ewúrẹ́ rọ̀, ó sì ń fa omi púpọ̀, nítorí náà òun ni wọ́n ń fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì ńlá. Fún lẹ́tà kéékèèké, wọ́n fẹ́ràn irun ìrù ẹranko kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń pa eku jẹ, nítorí pé irun náà ń ta padà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Èéfín dúdú ni wọ́n fi ń ṣe yíǹkì, èyí tí wọ́n kó jọ láti ara igi páìnì tàbí òróró tó ń jó. Wọ́n á fi gúlù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran pò ó, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí títí á fi gan bí ọṣẹ tó ti gbẹ.

Ọlọ ni mo pe irinṣẹ́ kẹrin nítorí pé ọlọ ni lóòótọ́, àfi pé kì í ṣe ata ni wọ́n ń lọ̀ lórí rẹ̀. Òkúta dúdú ìlú Boryeong ni wọ́n yìn jù. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé yóò kán omi díẹ̀ sí i láti inú ìkòkò amọ̀ kékeré tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, yóò mú igi yíǹkì dúró ṣánṣán, yóò sì máa yí i po lórí òkúta láìkánjú. Omi náà á kọ́kọ́ rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Nígbà tó bá yá, á dúdú, á sì ki, títí ojú ọ̀nà tí igi yíǹkì gbà kọjá á fi pẹ́ díẹ̀ kó tó padé. Nígbà yẹn ni yíǹkì tó. Ó lè gba ìdajì wákàtí, òórùn rẹ̀ á sì ti gba inú yàrá kan.

Ṣé dandan ni kéèyàn lọ yíǹkì fúnra rẹ̀?

Rárá o. Yíǹkì inú ìgò wà lọ́jà, òun sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Àwọn olùkọ́ tó tẹnu mọ́ lílọ̀ ń sọ pé àsìkò yẹn lọkàn ń wálẹ̀ tí ọwọ́ náà sì ń rọ̀, n kò sì rí ohun tí mo lè fi já wọn níkòó.

Kí ló le nínú fífi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà?

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà ìbú kan ṣoṣo, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi báírò fà láìronú. Ẹni tó fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fà á yóò gbé ẹnu búrọ́ọ̀ṣì lé bébà, yóò kọ́kọ́ sún un sí òsì díẹ̀ kí orí ìlà náà lè fara pamọ́, yóò tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọrí sí ọ̀tún. Bó ṣe ń lọ, ẹnu búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa gba àárín ìlà kọjá, kò gbọdọ̀ yà sí etí. Bó bá dé òpin, yóò dúró díẹ̀, yóò tún tẹ̀ ẹ́, yóò sì dá ẹnu búrọ́ọ̀ṣì padà sínú ìlà kó tó gbé e kúrò. Ọwọ́ kì í fara ti tábìlì. Láti èjìká ni ìrìn náà ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ìlà yìí nìkan, kí wọ́n tó fún un ní lẹ́tà odindi kan kọ.

Hanji sì máa ń mu yíǹkì kíá. Ibi tí iyèméjì bá ti dá ọwọ́ dúró, yíǹkì á ràn síta, gbogbo ayé á sì rí i. Kò sí pé à ń padà lọ tún ibì kan kùn. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn. Ìlà búrọ́ọ̀ṣì náà, ẹyin ni.

Níbo la ti ń rí seoye nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́?

Ẹnu ọ̀nà ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà àtijọ́ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, wọ́n máa ń kọ bébà gígùn méjì, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn géètì méjèèjì kí wọ́n fi orí ti ara wọn bí òrùlé ilé. Ọ̀kan ń tọrọ ire ńlá fún ọdún tó wọlé, èkejì ń tọrọ ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ohun ayọ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá máa ń bá àwọn aládùúgbò kọ tiwọn.

Inú ilé náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní gahun, ọ̀rọ̀ ìlànà ìdílé tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, tí wọ́n sì gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Níbi ètò ìrántí àwọn òkú ìdílé, tí wọ́n ń ṣe nílé, wọ́n máa ń kọ jibang, bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tó ń dúró fún ẹ̀mí òkú náà lórí tábìlì oúnjẹ. Bí ètò bá parí, wọ́n á dáná sun ún. Èyí wú mi lórí ju ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé: kéèyàn fara balẹ̀ kọ ohun tí kò ní lo òru kan láyé. Bí wọ́n bá ń lọ sílé ọ̀fọ̀ tàbí ibi ìgbéyàwó, wọ́n máa ń fi owó sínú àpò ìwé funfun tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tàbí ti ìkíni sí lára. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ ló pọ̀ jù lónìí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ni lẹ́tà ara rẹ̀ ṣe rí.

Lójú títì, pátákó ẹnu ọ̀nà ààfin, tẹ́ńpìlì àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni kí ẹ máa wò. Ti Sungnyemun, ẹnubodè gúúsù ìlú Seoul, dúró lóròó dípò ìbú, wọ́n sì gbà pé ọmọ ọba Yangnyeong, ẹ̀gbọ́n Sejong, ló kọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ìdúró yẹn wà láti dojú kọ ipá iná tó ń ti òkè Gwanaksan wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2008, ẹnì kan dáná sun ẹnubodè náà. Àwọn panápaná já pátákó yẹn bọ́ sílẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fara pa, ṣùgbọ́n kò jóná, wọ́n sì dá a padà sípò nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè náà padà ní 2013.

Ṣé a rí àpẹẹrẹ ìwé tí obìnrin inú ilé kọ láyé àtijọ́?

Ní 1998, wọ́n ń ṣí sàréè kan nípò ní ìlú Andong. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ni Yi Eung-tae, tó kú ní 1586 nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n bá lẹ́tà kan nínú sàréè náà, ìyàwó rẹ̀ ló fi Hangul kọ ọ́. Orúkọ ọmọ wọn ló fi pè é, bí ìyàwó ilé Yorùbá ṣe máa ń pe ọkọ: Bàbá Won. Ó bi í pé ṣebí òun ló máa ń sọ pé àwọn yóò jọ gbé títí irun àwọn yóò fi funfun, àti pé ọjọ́ kan náà làwọn yóò kú. Báwo ló ṣe wá fi òun sílẹ̀ lọ? Oyún wà nínú rẹ̀. Ó ní kó ka lẹ́tà náà, kó sì wá dá òun lóhùn lójú àlá.

Ẹ wo bébà náà dáadáa. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì ló ń kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí àyè tán, tí ọ̀rọ̀ kò tán, ó yí bébà, ó kọ sí etí òkè. Nígbà tí ìyẹn náà kún, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó há ìyókù sí iwájú ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n tún bá bàtà kan nínú sàréè náà tí wọ́n fi irun orí èèyàn pọ̀ mọ́ fọ́nrán ewéko igbó (hemp) hun. Obìnrin yìí kò pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni seoye, ojú ìwé yìí ni n ó kọ́kọ́ fi hàn án.

Àwọn wo ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà?

Kim Saeng, tí wọ́n bí ní 711 nígbà ìjọba Silla, ni wọ́n kà sí baba wọn. Ọmọ ọba Anpyeong, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Sejong, lókìkí nígbà tirẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní kí wọ́n pa á ní 1453 nítorí ọ̀rọ̀ oyè. Ẹni tí àwọn ọmọdé mọ̀ jù ni Han Ho, tí wọ́n ń pè ní Seokbong, tó gbé ayé láti 1543 sí 1605. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ tó ń ta àkàrà ìrẹsì rán an lọ kọ́ ìwé, ó sì padà wálé láìtó àsìkò, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó fẹ́ fìtílà pa, ó ní kí ọmọ máa kọ̀wé nínú òkùnkùn, kí òun náà máa gé àkàrà. Nígbà tí wọ́n tan iná, àkàrà ìyá dọ́gba rẹ́gí, lẹ́tà ọmọ rí wọ́gọwọ̀gọ. Òru náà ló ní kó padà.

Kim Jeong-hui ni ọba gbogbo wọn. Chusa ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù, láti 1786 sí 1856 ló sì fi gbé ayé. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Beijing, níbi tó ti pàdé àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé bíi Weng Fanggang àti Ruan Yuan, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lẹ́tà ara òkúta àtijọ́. Ní 1816, ó gun òkè Bukhansan, ó sì fi ẹ̀rí hàn pé òkúta kan tí àwọn èèyàn ń fi àròsọ ṣàlàyé jẹ́ ti ọba Jinheung ti Silla. Láti ara òkúta wọ̀nyẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ti yàtọ̀: ìlà kan nípọn bí igi àjà, èyí tó tẹ̀ lé e tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ lẹ́tà náà dúró.

Ní 1840, ìjà òṣèlú lé e lọ sí erékùṣù Jeju, ó sì tó ọdún 8 kó tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ pa á tì. Ògbufọ̀ kan, Yi Sang-jeok, kò pa á tì. Gbogbo ìgbà tó bá lọ sí Beijing ló ń ra ìwé tó ṣọ̀wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ní 1844, Chusa ya Sehando fún un: ilé kan, igi mẹ́rin, òfìfo púpọ̀, àti ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìgbà tí òtútù bá dé la tó ń mọ igi tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀. Yi gbé e lọ sí Beijing, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ sì kọ ọ̀rọ̀ tiwọn mọ́ ọn. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn títí di ayé òde òní, gbogbo rẹ̀ gùn ju mítà 14 lọ. Sohn Jae-hyeong, tí a dárúkọ ṣáájú, ló lọ bẹ̀ ẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáàn kan ní Tokyo nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kété kí bọ́ǹbù tó ba ibi tó wà jẹ́. Láti 2020 ló ti di ti Mùsíọ̀mù Orílẹ̀-Èdè Kòríà.

Chusa fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti lọ ihò sínú ọlọ 10, òun sì ti sọ búrọ́ọ̀ṣì 1,000 di apárí. Pátákó tó kọ kẹ́yìn wà ní tẹ́ńpìlì Bongeunsa ní Seoul, wọ́n ní ọjọ́ 3 ló kù kó kú nígbà tó kọ ọ́. Lẹ́tà ńlá méjì ni, wọ́n rí gbàgùdù bí ìwé ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun, ẹni ọdún 71, ló kọ ọ́ nínú àìsàn.

Kí ni òǹtẹ̀ pupa tó máa ń wà létí iṣẹ́?

Orúkọ òǹkọ̀wé tàbí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni. Òkúta ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ sí, iṣẹ́ gbígbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọnà ọ̀tọ̀ láyè ara rẹ̀. Ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣàjèjì jù ni Ahn Jung-geun, ajàfómìnira ará Kòríà tó yìnbọn pa Itō Hirobumi, olórí ìjọba Jàpáàn tẹ́lẹ̀ rí, ní 1909. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n ní Lüshun, tó ń retí ikú, ó kọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fún àwọn tó bẹ̀ ẹ́, títí kan àwọn ará Jàpáàn tó ń ṣọ́ ọ. Kò ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, ó wá ń fi yíǹkì tẹ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ tó ti gé orí ìka kan kúrò lára rẹ̀ nígbà tó ń búra pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 1910.

Ẹ má ṣe tìtorí òǹtẹ̀ pupa rò pé ẹ lè fi yíǹkì pupa kọ orúkọ ẹni. Èèwọ̀ ni lójú àwọn ará Kòríà láti kọ orúkọ alààyè ní pupa, nítorí pé ikú ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí bébà tí wọ́n ti kọ ìwé sí?

Láyé ìjọba Joseon, hanji wọ́n, wọn kì í kàn jù ú nù. Wọ́n máa ń gé ìwé ògbólógbòó, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á sì fi hun apẹ̀rẹ̀ àti àwo. Àkọsílẹ̀ ìtàn àwọn ọba náà ní ètò tirẹ̀: bí ìwé gidi bá ti parí, wọ́n á gbé àwọn ìwé àkọ́kọ́ lọ sí odò ní Segeomjeong, ní Seoul, wọ́n á fọ yíǹkì kúrò lára wọn kí àṣírí má bàa tú, wọ́n á sì tún bébà náà lò. Ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà nílé kéú kò ní yà á lẹ́nu, àfi pé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé omi rẹ̀ mu.

Ṣé iṣẹ́ náà kò ti máa kú lọ báyìí?

Kò kú, ó ń pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ọmọ tí òbí ń rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ seoye lẹ́yìn iléèwé ti dín kù gan-an sí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ilé àfihàn seoye wà ní Seoul Arts Center láti 1988, àfihàn seoye àgbáyé sì ń wáyé ní ìpínlẹ̀ Jeolla Àríwá láti 1997. Ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba Kòríà fi ìkọ̀wé Hangul alábúrọ́ọ̀ṣì sínú àwọn àṣà tí orílẹ̀-èdè náà ń dáàbò bò.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ayàwòrán ìpolówó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ fíìmù, èèpo ìwé àti ìgò ọtí. Lára ìgò ọtí soju kan tó jáde ní 2006, ọwọ́ Shin Young-bok ló wà níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó lo ọdún 20 lẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, tó sì kọ́ seoye lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà kan ń ráhùn pé ìpolówó kì í ṣe seoye. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ géètì pàápàá, àwọn tó ń kọjá lójú títì ni wọ́n kọ ọ́ fún.

N kò gbọ́ èdè Kòríà. Ṣé mo lè kọ́ ọ?

Ẹ lè kọ́ ọ. Panbonche ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìlà rẹ̀ kò ní ìyípadà púpọ̀, ẹ sì lè mọ lẹ́tà Hangul láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà lè béèrè ní ilé àṣà Kòríà tó wà ní Àbújá láti 2010. Ẹ má ṣe ra hanji lákọ̀ọ́kọ́. Bébà ìwé ìròyìn àtijọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kòríà náà ń lò, nítorí pé ó ń mu yíǹkì díẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ohun wúwo tẹ orí bébà mọ́lẹ̀, ẹ sì wọ aṣọ tí ẹ kò ní bínú bó bá dúdú, nítorí yíǹkì yìí kì í ṣí lára aṣọ.

Búrọ́ọ̀ṣì tuntun máa ń le nítorí gúlù tí wọ́n fi di irun rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù kó rọ̀, ẹ má lo omi gbígbóná. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, ní pàtàkì lápá ìdí irun, níbi tí yíǹkì ti máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi ìka fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹnu rẹ̀ ṣọ̀kan, kí ẹ sì fi okùn orí rẹ̀ gbé e kọ́, kí irun kọjú sílẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á.